Amos Tutùọlá, mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì tó fi pẹ́ńsùlù wá ọ̀nà ara rẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni oríta Ore ti máa ń jí. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń ti Èkó bọ̀, tó ń lọ sí Benin àti ilẹ̀ Ìgbò, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Oǹdó, èyí tó forí lé Okitipupa, gbogbo wọn ló ń pàdé níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń rọra dúró báyìí, àwọn ọ̀dọ́ á ti sáré dé ojú fèrèsé pẹ̀lú búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá àti ìpékeré. Àwọn kan nínú wọn ní ìwé ẹ̀rí nílé. Àwọn kan kọ́ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ṣe fírídọ̀mù, owó tí wọn yóò fi ra irinṣẹ́ ni kò sí. Bí èèyàn bá bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe dọjọ́ alẹ́ nìyí, ọ̀pọ̀ ni yóò mi orí. Bó bá tún bi wọ́n pé èwo gan-an ni wọ́n fẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti dákẹ́, torí àwọn fúnra wọn kò tíì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Abẹ́òkúta wà nírú ipò yìí ní ìlú Èkó. Ó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti dáko, ó ti rọ irin, ó tiẹ̀ ti ta búrẹ́dì. Nígbà tó wá rí iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ni. Orúkọ rẹ̀ ni Amos Tutùọlá. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kọ ìtàn ọ̀mu tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ọ̀nà gbọọrọ tó gbà débẹ̀, àti pé fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ ti kàn dé òkè òkun, iṣẹ́ tó ń gbowó oṣù lé lórí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwé kíkọ rárá.

Ọmọ àgbẹ̀ kòkó

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Tutùọlá ní Abẹ́òkúta. Charles ni bàbá rẹ̀, Esther ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Àwọn ará abúlé kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo mọ irú ayé bẹ́ẹ̀ dáadáa: ìgbà ìkórè nìkan lowó máa ń wọlé, gbèsè á sì ti jókòó dè é. Bí iṣẹ́ oko bá parí, bí ilẹ̀ bá ṣú, ìtàn ni wọ́n fi ń najú. Àlọ́ ìjàpá, ìtàn ọdẹ tó sọnù sínú igbó, ìtàn iwin àti òkú tó ń rìn, ọmọdé kì í gbọ́ ọ tán. Ibẹ̀ ni Tutùọlá ti gbọ́ ìtàn yó. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ di apàlọ́ láàárín àwọn ọmọ iléèwé ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ àlọ́ kì í san owó iléèwé. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní owó náà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe fà á lé ọkùnrin Ìgbò kan lọ́wọ́ nìyẹn, F. O. Monu, pé kó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún un. Kì í ṣe owó ni wọn yóò san fún ọmọ náà. Àdéhùn tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá rẹ̀ yóò rán an lọ sí iléèwé. Lọ́dún 1934, ó wọ iléèwé Salvation Army ní Abẹ́òkúta. Bó ṣe ń gbálẹ̀, bó ṣe ń fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ A, B, D.

Bí a bá fẹ́ ka iṣẹ́ tí Tutùọlá kọ́kọ́ ṣe láyé, èyí ni. Níbẹ̀rẹ̀, kò burú. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kó lọ sí Èkó tó sì mú un dání. Ó wọ iléèwé Lagos High School níbẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan tó wà nínú ilé náà sọ iṣẹ́ ilé di ẹrù lé e lórí. Iṣẹ́ kò tán ní òwúrọ̀, kò tán ní alẹ́, àyè ìwé kíkà wá ń dín kù lójoojúmọ́. Iléèwé tó torí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ náà fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá lọ sílé ní Abẹ́òkúta fún ìsinmi, kò padà mọ́.

Ohun tó yẹ kéèyàn wò níbẹ̀ ni pé kò torí pé iṣẹ́ burú kó sọ ìwé nù. Ilé tó ti ń jìyà ló fi sílẹ̀, ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní iléèwé àwọn Áńgílíkà ní Aké, bàbá rẹ̀ ló sì ń gbìyànjú láti san owó. Lọ́dún 1939, bàbá yẹn kú. Kò sí ẹbí kankan tó lágbára láti gba ẹrù náà rù. Tutùọlá mú ọkọ́ àti àdá, ó dáko, ó ní òun yóò ta irè oko láti fi sanwó iléèwé fúnra òun. Òjò kọ̀, kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà, oko kùnà. Bí ìwé ṣe parí nìyẹn. Gbogbo ọdún tó lò níléèwé kò ju nǹkan bí mẹ́fà lọ.

Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní irinṣẹ́

Ó tún gba Èkó lọ, ó wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn níbẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó bá mọ irin rọ kì í tètè pebi, ṣebí ohun tí wọ́n ń sọ fọ́mọdé nìyẹn. Ogun àgbáyé kejì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, Èkó sì wà lára ibi tí ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bà. Ọkọ̀ òfurufú fẹ́ àtúnṣe, àtúnṣe sì fẹ́ àwọn tó mọ irin. Lọ́dún 1942, Royal Air Force gba Tutùọlá síṣẹ́, iṣẹ́ bàbà rírọ ló ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ọdún mẹ́ta ló fi wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ ló ń ṣe, owó sì ń wọlé. Bí ogun kò bá parí, bóyá alágbẹ̀dẹ ni ayé ìbá mọ̀ ọ́n sí.

Ogun parí lọ́dún 1945, wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àìmọye àwọn mìíràn. Ọdún náà le. Ọjà wọ́n, owó oṣù kò tó jẹ, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún yẹn, Michael Imoudu sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú wọn. Inú irú Èkó bẹ́ẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun ti fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀.

Kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́, kì í sì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Owó tí yóò fi ra ẹwìrì, ọmọ owú àti irin ni kò sí. Ọ̀pọ̀ tó ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ wẹ́dà tàbí iṣẹ́ kápẹ́ńtà ní Ore mọ ibi tí bàtà yẹn ti ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mọṣẹ́, kò rí nǹkan fi ṣe é. Wọn á ní kéèyàn máa ní sùúrù. Sùúrù dára, àmọ́ sùúrù kì í ra ẹ̀rọ.

Tutùọlá ta búrẹ́dì. Ó gbìyànjú èyí, ó gbìyànjú ìyẹn. Lọ́dún 1946, ó rí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin tí kò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe wá di ẹni tó ń gbé fáìlì kiri fún. Lọ́dún 1947, ó gbé Victoria Àlàkẹ́ níyàwó. Ó ti di baálé ilé wàyí, kò sì sí bó ṣe fẹ́ sọ pé iṣẹ́ yìí kò wu òun kó sì jókòó sílé.

Jíjókòó de aago

Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó mọ bí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ṣe rí. Èèyàn á jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. Bí ọ̀gá bá tẹ aago, á dìde, á gba ìwé, á gbé e lọ sí yàrá kejì tàbí sí ọ́fíìsì tó wà lódìkejì títì. Á padà wá jókòó. Kò sí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ orí. Kò sí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti fi iná àti òòlù tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. Wákàtí á máa kọjá, èèyàn á máa wo ògiri. Ìwọ̀sí kọ́ ló ń pa ẹlòmíì nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àìríkan-ṣe ni.

Ibẹ̀ ni Tutùọlá ti mú pẹ́ńsùlù. Ó ń kọ ìtàn sórí bébà àlòkù kí ọjọ́ lè tètè lọ. Kò sí ẹni tó rán an. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òǹkọ̀wé ni. Ìtàn tó ti ń pa láti kékeré, irú èyí tó gbọ́ ní abúlé, ló ń kó sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe mọ. Gbólóhùn Yorùbá ló ń rò, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ ọ́, kò sì dúró kó tún ẹnu ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn gígùn tó kọ́kọ́ kọ ni ti ọdẹ kan nínú igbó àwọn iwin. Ó fi ránṣẹ́ sí Focal Press ní London. Ibi tó rán an sí gan-an fi hàn pé ojú ọ̀nà kò tíì là sí i: iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà ni Focal Press, kì í ṣe iléeṣẹ́ ìtàn rárá. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1982 ni ìwé yẹn tó jáde, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Elòmíràn ìbá ti pa pẹ́ńsùlù tì. Tutùọlá tún jókòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, ó kọ ìtàn mìíràn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá fara balẹ̀ tún un kọ, tó ń fẹ̀ ẹ́, tó ń dà á kọ. The Palm-Wine Drinkard ló pè é. Ó wá rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan tó ń tẹ ìwé onígbàgbọ́, United Society for Christian Literature, ó sì kó ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn ní London. Lẹ́ẹ̀kejì, ibi tí kò yẹ ló tún gbé e lọ, nítorí kò sí bí ìtàn ọ̀mu àti iwin ṣe fẹ́ bá ìwé ìjọsìn mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á kò jù ú nù. Wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ Faber and Faber, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ ìwé tó lórúkọ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí akéwì T. S. Eliot ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí. Ọdún 1952 ni Faber tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀mu tó wá adẹ́mu rẹ̀

Ìtàn náà rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti gbàgbé. Ọkùnrin kan wà tí kò níṣẹ́ méjì ju kó mu ẹmu. Bàbá rẹ̀ olówó ha oko ọ̀pẹ fún un, igi ọ̀pẹ 560,000 ló wà níbẹ̀, ó sì gba adẹ́mu kan tó ń dá agbè 150 fún un láàárọ̀ àti 75 nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan ni adẹ́mu já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a mu ún pòórá. Ọ̀mu bá dìde, ó ní òun yóò wá adẹ́mu òun lọ sí ìlú àwọn òkú.

Lójú ọ̀nà ló ti pàdé oríṣiríṣi ẹ̀dá. Ọ̀kan wà tí gbogbo ọjà ń wò nítorí ẹwà rẹ̀, àṣé ẹ̀yà ara ló lọ yá lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Bó ṣe ń padà sínú igbó ló ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń san owó ìyálò, títí tó fi ku agbárí nìkan. Nígbà tí ọ̀mu wá dé ìlú àwọn òkú, ó rí adẹ́mu rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òkú kò lè bá alààyè padà. Ohun tó torí rẹ̀ jáde nílé kọ́ ló bá dé. Ẹyin kan tó kún fún agbára ni adẹ́mu fún un mú lọ.

Lọ́dún 1977, Chinua Achebe sọ̀rọ̀ nípa ìwé yìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti fàájì ni ìtàn náà dá lé. Ẹni tó ń mu ẹmu lójoojúmọ́, tí ẹlòmíràn ń bá a ṣe gbogbo iṣẹ́, ti da ayé rú. Ìrìn àjò tó le yẹn ni ìyà rẹ̀, òun náà sì ni ìwòsàn rẹ̀. Mẹ́sẹ́ńjà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìríkan ṣe ló ronú èyí. Ẹni tí iṣẹ́ ti fi oríṣiríṣi ojú hàn ló lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lókè òkun, wọ́n gbóṣùbà fún un. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer lọ́dún 1952 yẹn kan náà. Lọ́dún 1953, ìwé náà jáde ní New York, Raymond Queneau sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Nílé ńkọ́? Nílé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kàwé bínú. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, wọ́n ní ó ń dójú tì wá. Òmìnira ti ń sún mọ́lé nígbà yẹn, wọn kò fẹ́ kí òyìnbó rí ohun tí wọn yóò fi sọ pé a kò tíì gbọ́n. Àwọn kan tún ní ibi ìtàn D. O. Fágúnwà ló ti rí ohun tó kọ.

Ọ̀rọ̀ Fágúnwà yìí kan ìpínlẹ̀ Oǹdó gan-an, torí ọmọ Òkè-Igbó ni. Ìwé rẹ̀ nípa ògbójú ọdẹ ti jáde láti 1938, ẹnikẹ́ni tó bá sì ka àwọn méjèèjì yóò rí i pé igbó kan náà ni wọ́n jọ ń rìn. Irú igbó tí àwọn ọdẹ agbègbè Odigbo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kí igi gẹdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú igbó ọba Olúwa. Ibi tí ayé àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ ni ti iṣẹ́. Olùkọ́ni ni Fágúnwà, St Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti gba ẹ̀kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ tó ń jẹ àti ìwé tó ń kọ jọ ń rìn pọ̀ ni. Tutùọlá kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ó sì ní láti gbé méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì.

Olùtọ́jú sítóò nílé rédíò

Èèyàn lè rò pé ẹni tí wọ́n ti ń ka ìwé rẹ̀ ní London, Paris àti New York yóò ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì jáde lọ́dún 1954, ìkẹta lọ́dún 1955, Tutùọlá ṣì ń gbowó oṣù. Dípò kó bá àwọn tó ń bú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jà, ó lọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò dúró dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá pé kó tó tún kọ ìwé mìíràn.

Lọ́dún 1956, ó kúrò nídìí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ rédíò ìjọba. Kì í ṣe pé wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ láti máa pàlọ́. Iṣẹ́ olùtọ́jú sítóò ni wọ́n fún un, Ìbàdàn ló sì ti wá ṣe é pẹ́ jù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé rédíò rí mọ olùtọ́jú sítóò: òun ló ń ka ohun tó wọlé, òun ló ń kọ ohun tó jáde sílẹ̀, òun lèèyàn ń bẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín òru. Iṣẹ́ tó ń béèrè ìṣọ́ra àti òtítọ́ ni. Àwọn olóhùn iyọ̀ ń ka ìròyìn fún gbogbo ìlú, ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ti la òkun kọjá sì wà nídìí sítóò, ó ń ka ẹrù.

Ìwé kò dúró. The Brave African Huntress jáde lọ́dún 1958, Feather Woman of the Jungle lọ́dún 1962, Ajaiyi and His Inherited Poverty lọ́dún 1967. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1961, ó wà lára wọn. Lọ́dún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mu náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì wá jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ pé ìtàn àwọn ni. Ìtàn tó jáde lẹ́nu àwọn ará abúlé ti gba London padà wálé.

Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún kí yunifásítì tó wá pè é. Lọ́dún 1979, Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á ní àlejò olùwádìí. Lọ́dún 1983, ó lọ sí Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń péjọ. Ọmọ tó lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré níléèwé ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá ń bi ní ìbéèrè. Oṣù Kẹfà ọdún 1997 ló kú ní Ìbàdàn, lẹ́ni ọdún 76.

Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn

Àwọn kan máa ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kó ṣáà fi iṣẹ́ tí kò wù ú sílẹ̀ kó lọ wá ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Àwọn mìíràn á ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó dúpẹ́ pé òun tiẹ̀ ríṣẹ́. Tutùọlá kò ṣe èyí, kò ṣe ìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ní kékeré, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ kàn ń sú u, tó sì ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, ó dúró tì í, ó sì wá nǹkan fi sínú àyè tí iṣẹ́ náà fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín iṣẹ́ tó ń pani àti iṣẹ́ tó ń súni, kò sì yẹ kéèyàn fi ọwọ́ kan náà mú wọn.

Kò sì yẹ ká tàn ara wa. Kì í ṣe gbogbo mẹ́sẹ́ńjà ló ń di Tutùọlá. Ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 ni kò sí ẹni tó rántí mọ́. Bí owó kékeré bá ti wà láti fi dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, bóyá ìyà tó jẹ ẹ́ ìbá dín kù. Ẹni tó ní agbára láti ran ọmọ tó ṣe fírídọ̀mù lọ́wọ́, yálà ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tàbí òbí, kò gbọdọ̀ fi ìtàn Tutùọlá ṣe àwáwí pé ìyà ló ń sọ èèyàn di ńlá. Ìyà kọ́ ló kọ ìwé rẹ̀. Òun ló kọ ọ́, nígbà tí ìyà fún un láyè díẹ̀.

Fún ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ tí kò wù ú ní Ore, ní Odigbo tàbí níbikíbi, ohun tó ṣeé mú nínú ìtàn yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé mú lọ́la. Kéèyàn kíyè sí ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Ti Tutùọlá, ìtàn ni. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ kó máa tú fóònù wò, kó máa dá aṣọ gé, kó máa bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣe iṣẹ́ iléèwé. Ibẹ̀ ni ọ̀nà máa ń wà, bí kò tilẹ̀ tíì jọ ọ̀nà. Kéèyàn sì gbé ohun tó bá ṣe jáde fún ẹni tó lè wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tutùọlá gbé ìwé rẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ. Ibi kejì tí kò yẹ yẹn ló sì gba dé ibi tó yẹ.

Ó pẹ́ kó tó yé àwọn èèyàn rẹ̀. Kò pẹ́ jù. Lónìí, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìtàn tí mẹ́sẹ́ńjà kan fi pẹ́ńsùlù kọ, níbi tó ti ń dúró kí ọ̀gá tẹ aago.